Píìnì Tó Tutù: Àṣìṣe Ìtumọ̀ Kan ní Kaboua

Lójú ewé Yorùbá yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ti kọ̀wé nípa ohùn, nípa ọ̀rọ̀-ìṣe àti nípa oríkì, mo sì ti jẹ àǹfààní rẹ̀. Ohun tí èmi fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lónìí, irin ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Irin náà kò gùn ju apá ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó fi hàn mí pé ènìyàn lè gba máàkì tó dára nínú ẹ̀kọ́ ìtumọ̀, kí ó sì fi ìtumọ̀ ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe.

Ọmọ Kaboua ni mí, lábẹ́ Savè, ìlú tí àwa fúnra wa ń pè ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní ẹkùn Collines lórílẹ̀-èdè Benin. Bí ènìyàn bá kọjú sí ìlà-oòrùn láti ọ̀dọ̀ wa, odò Okpara ni yóò bá pàdé. Òdì-kejì odò náà, Nàìjíríà ni. Iṣu, òwú àti kajú ni àwọn ènìyàn wa ń gbìn. Yorùbá ti Ṣábẹ̀ẹ́ ni a ń sọ nílé, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé-ìwé. Ó di yunifásítì kí n tó kọ́ bí a ṣe ń kọ èdè ìyá mi sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo padà sílé fún ìsinmi ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, orí mi wú. Mo rò pé mo ti gbọ́ èdè méjèèjì tán.

Àbúrò bàbá mi, tí mo ń pè ní Bàbá Kékeré, jẹ́ mẹkáníìkì àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà. Lọ́dún náà, àwọn kan gba iṣẹ́ ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa nítòsí wa, òun ni ó sì ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn. Òjò dá iṣẹ́ dúró. Ẹ̀rọ ìwalẹ̀ kan wà nílẹ̀ tí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ń mì bí eyín arúgbó. Bàbá Kékeré ní àsìkò tó láti pààrọ̀ àwọn píìnì rẹ̀. Ọmọṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi náà sì dara pọ̀ mọ́ wọn, nítorí mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí píìnì yìí jẹ́ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ẹ na apá yín síwájú. Ẹ wo èjìká, ìgúnpá, ọrùn-ọwọ́ àti àtẹ́lẹwọ́. Bí ẹ̀rọ ìwalẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni àtẹ́lẹwọ́ tó ń bu ilẹ̀. Ní ọrùn-ọwọ́ rẹ̀, píìnì méjì ni ó so ó mọ́ ẹ̀rọ: ọ̀kan so ó mọ́ apá, èkejì so ó mọ́ irin tó ń tì í tó sì ń fà á, kí ó lè ká kò kí ó sì nà. Gbogbo agbára ẹ̀rọ náà, ara irin róbótó méjì yìí ni ó ń gbà dé ilẹ̀. Lára ẹ̀rọ tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 20 tọ́ọ̀nù, irú píìnì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń nípọn tó 80 mílímítà.

Píìnì kì í fara kan apá ẹ̀rọ. Òrùka irin kan wà nínú ihò tí ó ń wọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní bọ́ṣì ní Nàìjíríà. Gírísì ni ó wà láàárín píìnì àti bọ́ṣì. Bí gírísì bá tán, iyanrìn á wọlé, irin á sì máa lọ irin. Bọ́ṣì ni wọ́n fi síbẹ̀ kí ó kọ́kọ́ jẹ, nítorí òun ni ó rọrùn láti pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pa á tì, píìnì á la bọ́ṣì kọjá, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ihò tó rí róbótó á wá gùn bí ẹyin. Nígbà náà, wẹ́dà ní láti jó irin kún ihò náà, kí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rin sì tún un gbẹ́ kí ó pé róbótó. Ohun tí gírísì díẹ̀ ìbá dènà ti wá di gbèsè nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá Kékeré kọ́ mi ni pé kí n fi etí wo ẹ̀rọ. Ó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ara rẹ̀ le, bí ó bá kan ilẹ̀, "gbì" ni yóò dún. Èyí tí píìnì rẹ̀ ti jẹ, "gbì-kẹ̀ẹ̀" ni, nítorí bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ balẹ̀ ná, píìnì tún wá balẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Mo kọ ìró méjèèjì sínú ìwé mi, inú mi sì dùn.

Ó tún kọ́ wa ní àwọn nǹkan mìíràn. Kí a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé ilẹ̀ gbalaja, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a sì mi àwọn ọwọ́ ìdarí síhìn-ín sọ́hùn-ún kí agbára òróró tó há sínú páìpù lè rọlẹ̀, kí a tó fọwọ́ kan píìnì kankan. Kí a má ṣe ki ìka bọ ihò láti mọ̀ bóyá ihò méjì ti bá ara wọn mu, nítorí bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ìka ti lọ. Kí a máa fún píìnì ní gírísì lójoojúmọ́, nírọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ bá parí tí irin ṣì gbóná, títí gírísì dúdú àtijọ́ á fi jáde tí tuntun á sì yọjú létí ihò. Bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́ nínú omi tàbí ẹrẹ̀, kí a má dúró di ìrọ̀lẹ́. Bóòtì kan wà tó gba inú orí píìnì kọjá kí ó má baà yí tàbí kí ó yọ. Nọ́ọ̀tì méjì ni ó wà lẹ́nu bóòtì náà. Ara wọn ni wọ́n ń fún, wọn kì í fún bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí bóòtì lè ní àyè díẹ̀ láti mì. Ọmọṣẹ́ tó bá fún un pinpin rò pé òun ṣe dáadáa ni, bẹ́ẹ̀ bóòtì náà ni yóò já.

Ní ti orúkọ, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àyálò, ẹ bá mi ká lọ. Poclain ni àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ń pe ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ṣe é. Poclain jẹ́ ilé-iṣẹ́ Faransé tí Georges Bataille dá sílẹ̀ ní 1927, tí ó sì ṣe ẹ̀rọ ìwalẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ tó ń fi agbára òróró ṣiṣẹ́ ní 1951. Ní òdì-kejì Okpara, katapílà ni àwọn ènìyàn máa ń pe ẹ̀rọ tó bá ti ń wú ilẹ̀, láti ara orúkọ Caterpillar, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ilé-iṣẹ́ méjì para pọ̀ dá sílẹ̀ ní 1925. Àwa tí a ń sọ èdè kan náà létí odò kan náà, orúkọ ọjà Faransé ni ọ̀kan mú, orúkọ ọjà Amẹ́ríkà ni èkejì mú.

Bọ́ṣì ni ó wá pa wá lẹ́rìn-ín jù. Bague ni Faransé ń pè é, lẹ́nu Bàbá Kékeré ó ti di báàgì. Ó pe ọ̀gá kan tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ ní Ìbàdàn lórí fóònù, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, báàgì mẹ́rin ni mo fẹ́." Ọ̀gá náà ní, "Báàgì? Kí lẹ fẹ́ kó sínú rẹ̀?" Bàbá Kékeré ní kò sí ohun tí òun fẹ́ kó sínú rẹ̀ bí kò ṣe píìnì. Ọ̀gá náà ní òun kì í ta àpò. Èmi ni mo gba fóònù, mo ní bọ́ṣì ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ sì yanjú. Bàbá Kékeré nà mí lẹ́yìn gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ìwé tí o kà yìí kò já sí asán o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó kó bá mi. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ìwé atọ́nà ẹ̀rọ náà wá. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní, "Ìwọ tí o kàwé débi yìí, kọ èyí tó kan píìnì sílẹ̀ ní èdè wa, kí àwọn ọmọ yìí lè máa rí i kà." Nínú àwọn ọmọṣẹ́ mẹ́ta náà, ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ Yorùbá kà: ọmọ ọdún 17 kan tó ti gbé lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ní ìhà Nàìjíríà, tó sì lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Òun ni yóò máa kà á fún àwọn yòókù.

Mo jókòó tì í fún ọjọ́ kan gbáko. Mo kọ ọ́ sórí páálí ńlá kan, ìlà mẹ́jọ, pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ibi tí irinṣẹ́ wà. Ìlà kẹfà ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí.

Ìwé náà sọ pé píìnì àti bọ́ṣì jẹ́ irin "trempé", pé nítorí náà "éclats" lè fò jáde bí a bá lù wọ́n, kí a wọ dígí ààbò ojú, kí a sì fi irin tó rọ̀ jù wọ́n lọ sáàárín òòlù àti píìnì. Trempé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí mi. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí òjò pa títí aṣọ rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára, trempé ni. Búrẹ́dì tí a tì bọ inú kọfí, trempé ni. N kò wo ìwé atúmọ̀-èdè rárá, mo gbà pé trempé ni "tó tutù", tí omi wà lára rẹ̀. Mo wá fi ọ̀rọ̀ yòókù tẹ̀ lé e: píìnì tutù, nítorí náà bí a bá lù ú, omi á ta, omi lè ta síni lójú, nítorí náà kí a wọ dígí. Òjò ń rọ̀ níta bí mo ti ń kọ ọ́, gbogbo irin ọgbà náà ni ó tutù. Ó bá ara mu pátápátá. Mo kọ ọ́ báyìí: "Bí píìnì bá tutù, má fi òòlù lù ú lójúkojú. Fi ọ̀pá idẹ sáàárín, kí o sì wọ dígí ojú kí omi má baà ta sí ọ lójú."

Mo ka páálí náà sókè fún Bàbá Kékeré. Ó gbọ́ "ọ̀pá idẹ", ó gbọ́ "dígí ojú", ó sì mi orí, nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣe nìyẹn. Ọ̀pá idẹ rẹ̀ kì í jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n òun náà kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni òun náà ti rí i. Kò fetí sí "bí píìnì bá tutù" tó wà níwájú.

Bọ́ṣì tuntun dé láti Ìbàdàn. Ó máa ń ṣòro láti wọ inú ihò rẹ̀, nítorí ó gbọ́dọ̀ há kí ó má baà yí. Ọgbọ́n tí Bàbá Kékeré ń dá ni pé kí òtútù mú un kí ó lè sún kì díẹ̀. Ó gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí Savè, sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹja dídì, pé kí ó bá òun tọ́jú wọn sínú fìríìsà mọ́jú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé kúlà sórí ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ kó wọn. Ọ̀pá idẹ wà nínú ọkọ̀ náà.

Píìnì kan ti jáde lánàá. Ó ku ọ̀kan. Ọmọ ọdún 17 yẹn fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ dé bá a pé ó ti jáde. Kò rí ọ̀pá idẹ. Ó lọ wo páálí mi, ó kà á, èmi gan-an ni mo gbọ́ ọ tó ń kà á jẹ́jẹ́. Ó padà, ó mú àkísà, ó nu orí píìnì náà títí ó fi gbẹ táútáú. Ó tún fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kàn án wò. Ó gbẹ. Ó gbé òòlù ńlá. Kò wọ dígí, nítorí kò sí omi tí yóò ta.

Ìgbà kẹta tó lù ú, ìró náà yàtọ̀. Mo rí i tó ju òòlù sílẹ̀ tó fi ọwọ́ bo ojú. Ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

Ọ̀kadà ni a fi gbé e lọ sílé ìwòsàn, láti ibẹ̀ a gbé e lọ sí Savè. Dókítà yọ irin kan jáde láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò tó èékánná ọmọńdinrín. Ó wọlé ní ìwọ̀n ìka méjì sí ẹyinjú. Mo jókòó tì í lórí àga gígùn lẹ́yìn tí wọ́n rán an tán, n kò mọ ohun tí mo lè sọ. Òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣáà nù ún. Mo nù ún dáadáa kí n tó lù ú."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni ó ṣe ohun tí páálí wí, láì yọ ọ̀kan kúrò.

Ìyá rẹ̀ ti oko dé nírọ̀lẹ́. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ni òun kò sí nílé, òun ni òun sì ní kí wọ́n kọ ìwé sí ara ògiri. Ìyá náà ní, "Ta ló kọ ọ́?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Èmi ni, ìyá." Mo ti múra sílẹ̀ fún ìgbájú. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ló kó ojú ọmọ mi yọ. Àwọn ọmọ mìíràn ṣì wà níbẹ̀. Dìde, lọ tún un kọ."

N kò mọ bí mo ṣe máa tún un kọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo wo ìwé atúmọ̀-èdè Faransé, mo sì rí ohun tí ó yẹ kí n ti wò tẹ́lẹ̀: irin trempé ni irin tí a ti mú gbóná gidi tí a sì tì bọ omi tàbí òróró lójijì kí ó lè le. Éclats náà kì í ṣe omi tó ń ta, èérún irin ni. Ṣùgbọ́n kí ni mo máa pè é ní Yorùbá? "Irin tí a mú gbóná tí a sì rì bọ omi kí ó lè le" gùn jù fún páálí. "Irin líle" kò tó, nítorí ta ni kò mọ̀ pé irin le?

Bàbá Kékeré ní kí n gbé píìnì náà lọ sọ́dọ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ kan ní àdúgbò wa, àgbàlagbà tó ti ń rọ ọkọ́ àti àdá kí wọ́n tó bí mi. Bàbá náà gba píìnì lọ́wọ́ mi, ó fi fáìlì rẹ̀ fà á lára. Fáìlì yọ̀ bí ẹni pé orí gíláàsì ni ó wà. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i níbi tí ó ti fọ́, lápá inú. Níbẹ̀ fáìlì jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Irin yìí ti mu omi. Ṣùgbọ́n ìta rẹ̀ nìkan ló mu ún, inú rẹ̀ kò mu."

Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Ó ní, "Ṣé ìwọ kò mọ irin tó mu omi ni?" Ó ki irin pẹlẹbẹ kékeré kan bọ iná títí ó fi pọ́n, ó tì í bọ inú ìkòkò omi, ó ké ṣààà. Ó fi fáìlì kàn án, fáìlì yọ̀. Ó wá gbé e lé orí owú, ó ní kí n yẹra, ó bo ojú rẹ̀, ó sì lù ú. Ó dá sí méjì bí àwo. Ó ní, "Irin tó bá mu omi yó, ọ̀bẹ kò lè gé e, yẹ̀pẹ̀ kò lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n má fi irin líle mìíràn lù ú. Yóò fọ́, á sì fò mọ́ ọ. Àwọn tó ṣe tìrẹ yìí gbọ́n. Wọ́n fún ìta rẹ̀ lómi mu kí ó má baà tètè jẹ, wọn kò fún inú rẹ̀, kí ó má baà kán."

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ohun tí ìwé ń sọ nípa píìnì gan-an nìyẹn. Wọ́n máa ń mú ojú rẹ̀ gbóná kíákíá, wọ́n á sì tu ú lójijì, kí líle náà má ju mílímítà bíi mélòó kan lọ sí inú. Bàbá tí kò ka ìlà kan rí nínú ìwé atọ́nà fi fáìlì àti gbólóhùn méjì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Ẹ sì tún wo èdè náà. Faransé àti bàbá alágbẹ̀dẹ, omi ni àwọn méjèèjì mú. Ṣùgbọ́n nínú ti Faransé, wọ́n ń ṣe irin ni: wọ́n rì í bọ omi, ó sì tutù bí ọmọ tí òjò pa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ọmọ àti fún irin, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣubú. Lẹ́nu bàbá alágbẹ̀dẹ, irin ni ó ń ṣe: òun ni ó mu omi. Irin tó tutù, àkísà lè nù ún kí ó gbẹ. Irin tó ti mu omi, kò sí àkísà tó lè nu omi náà kúrò, nítorí ó ti di ara rẹ̀. Ká ní "mu omi" ni mo kọ sórí páálí, ọmọ yẹn ì bá má wá àkísà rárá.

Mo ya páálí àtijọ́ sílẹ̀. Mo kọ tuntun, ìlà kẹfà sì di báyìí: "Píìnì àti bọ́ṣì ti mu omi alágbẹ̀dẹ, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Má fi òòlù irin lù wọ́n lójúkojú láéláé, èérún wọn á fò. Fi ọ̀pá idẹ sáàárín. Wọ dígí ojú. Bí o kò bá rí ọ̀pá idẹ, dúró." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kò sí nínú ìwé Faransé. Ọmọ náà ni ó ní kí n fi kún un, nígbà tó padà síbi iṣẹ́ pẹ̀lú báńdéèjì lẹ́rẹ̀kẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí n kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà kà á fún àwọn méjì yòókù, kí àwọn náà sì fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi. Lẹ́yìn náà mo ní kí ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ ṣe é níṣojú mi. Nígbà tó mú ọ̀pá idẹ láì wo bóyá píìnì tutù tàbí ó gbẹ, ni mo tó lẹ̀ ẹ́.

Bàbá Kékeré gbé bọ́ṣì tó ti dì jáde nínú kúlà. A wọ ìbọ̀wọ́, a tì wọ́n wọ ihò wọn kí wọ́n tó gbóná. A fi òrùka rọ́bà sí etí wọn kí iyanrìn má baà ráyè wọlé, a fi wáṣà pẹlẹbẹ dí àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. A fi gírísì kun píìnì tuntun láti orí dé ìdí, ó sì wọlé pẹ̀lú ọwọ́ lásán, láì sí ìró òòlù kankan. Nígbà tí wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè tí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀, "gbì" ni ó dún.

Ìdí tí mo fi kọ èyí sí yín ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ fún iṣẹ́ àṣekágbá, tí a sì ń fi ẹ̀yà Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì sí apá òsì, tí a ń jókòó sínú yàrá láti ronú ohun tí a máa kọ sí apá ọ̀tún. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo ń gbé ní ìlú tí alágbẹ̀dẹ wà, n kò béèrè. Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mo mọ̀ jù ni kò jẹ́ kí n béèrè. Èyí tí n kò mọ̀, mo bá wo ìwé rẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan sílẹ̀, ẹ gbé ohun náà gan-an lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án. Kí ẹ tó fi ìtumọ̀ yín sílẹ̀ fún ẹni tí yóò lò ó, ẹ ní kí ó ṣe é níṣojú yín.

Mo padà sí Kaboua ní ìsinmi tó kọjá. Páálí kejì ti gbó, gírísì ti bò ó débi pé ìlà mẹ́ta péré ni ojú lè rí, ṣùgbọ́n ìlà kẹfà wà lára wọn. Ọmọṣẹ́ tuntun kan ń béèrè pé báwo ni irin ṣe ń mu omi. Ọmọkùnrin wa yẹn, tó ti ń ṣe bí ọ̀gá báyìí, kò tíì dá a lóhùn. Ó kọ́kọ́ fi ìka kan àpá tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wò mí, ó sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ ṣàlàyé fún un."

Mo mú fáìlì, mo sì ṣàlàyé.